Bí Mo Ṣe Gbẹnu Sọ fún Ọ ní Kóòtù

Ọkọ mi, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwa náà wà níbí, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Ẹnikẹ́ni ò ní fìyà jẹ ọ́, ọ̀nà rẹ yóò máa là. Àmín.

Mo ti dé láti kóòtù o. Ẹjọ́ tí ìwọ àti télọ̀ tó bímọ fún ọ ń ṣe, pé orúkọ ìdílé ta ni ọmọ yóò máa jẹ́, wọ́n dá a lánàá. Lọ́yà rẹ ní kí n wá, kí n ṣáà jókòó, kí wọ́n lè rí i pé ọmọ náà ní ẹbí. Mo wẹ̀, mo kun àtíkè, iwájú gan-an ni mo jókòó sí.

Wọ́n bá gbé tẹlifíṣọ̀n kan síwájú adájọ́, ìwọ ni mo rí nínú rẹ̀ yẹn, pẹ̀lú táì lọ́rùn! Mo dìde, mo kí ọ, o ò dáhùn. Ẹnu rẹ ń lọ sókè sódò, a ò gbọ́ nǹkan kan. Akọ̀wé ní wọ́n ti pa ohùn rẹ ni. Háà! Irú ìyà wo nìyẹn, kí wọ́n gba ohùn lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀? Ta ni yóò wá gbẹnu sọ fún ọ bí kò ṣe èmi?

Ni mo bá bẹ adájọ́. Mo ní ọmọ mi kì í ṣe ọmọ burúkú, iṣẹ́ ni ò jẹ́ kó tíì wá wo ọmọ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Mo ní nígbà tí ibà dá ọmọ náà dùbúlẹ̀, bátìrì fóònù ọmọ mi ló kú, ó sì kú títí ara ọmọ fi yá. Mo ní télọ̀ ló ń dá gbọ́ bùkátà, kò sì bú ọmọ mi lójú mi rí. Lọ́yà rẹ ń fà mí láṣọ, mo rò pé ó ń kí mi kú iṣẹ́ ni. Ìwọ náà ń ju ọwọ́, èmi náà ju tèmi sí ọ.

Adájọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí ọmọ máa jẹ́ orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀. Ó dùn mí o, orúkọ bàbá rẹ olóògbé ni mo fẹ́ kó máa jẹ́. Lọ́yà ní èmi ni mo ba ẹjọ́ jẹ́. Má bínú sí mi.

Bí a ṣe ń jáde, ọmọ náà nàka sí ọ nínú tẹlifíṣọ̀n, ó bi mí pé ta ni bọ̀ọ̀dá yẹn. Mo ní bàbá rẹ̀ ni. Ó bi mí bóyá inú ibẹ̀ ló ń gbé. Mo fà á lọ́wọ́, a jáde.

Òróró ti tán, òrùlé sì ń jò, ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró. Owó ọkọ̀ ni mo fẹ́ kí o wá. Má fi ránṣẹ́ sí mi o, ìwọ fúnra rẹ ni kí o fi wọkọ̀ wá.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọmọ rẹ mọ̀ ọ́ kó tó dàgbà.

Èmi ni, ìyá rẹ.