Ọ̀rọ̀ Ọlọ́rọ̀ Ni Mo Fi Kún Ọ̀rọ̀ Ọ̀sẹ̀ Mi

Mo ti sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ, kò sì sí bí mo ṣe lè gbé e mì padà. Ẹ̀yin ará orí page yìí, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Èmi ò mọ̀wé, ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé bó bá ṣe ń jáde lẹ́nu mi ni kó máa tẹ̀ ẹ́, kó má bá mi tún un ṣe. Ìlọ́bù ni mo wà, àgbà obìnrin ni mí. Ẹ má bínú bí mo bá ń fo síwá sẹ́yìn, ara mi ò lélẹ̀ rárá... mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Ọjọ́ Jímọ̀ ń bọ̀, ọjọ́ Jímọ̀ yẹn gan-an ni mò ń sá fún.

Ìtàn ni mò ń sọ. Kì í ṣe àlọ́ ọmọdé o, ìtàn àròsọ gígùn ni, èyí tó ní orí kìíní, orí kejì, tó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń tẹ èyí, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Bùkọ́lá, òun ló fà á. Nígbà tí àwọn olùkọ́ wọn daṣẹ́ sílẹ̀ tó wálé wá jókòó tì mí, ó gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ní Màmá, ìwé lẹ ń sọ lẹ́nu yìí o. A ò ní ilé-iṣẹ́ ìwé kankan lẹ́yìn, a ò bẹ ẹnikẹ́ni. Èmi ń sọ, òun ń tẹ̀, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń gbé orí kan jáde lórí fóònù, á sì tún fi ohùn ara ẹ̀ kà á fún àwọn tí kò bá lè kàwé. Tó bá wá di ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alásárì, a ó jókòó sórí ẹní láti ṣe ohun tó pè ní ìṣirò ọ̀sẹ̀. Á sọ ibi tí a bá iṣẹ́ dé fún mi, iye ọ̀rọ̀ tí a kọ, iye èèyàn tó gbọ́ wa, ohun tí wọ́n sọ sábẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà á kọ ọ́ fún gbogbo wọn pé ibi báyìí ni Màmá dé o, ẹ máa retí. Ẹ gbọ́, mo fẹ́ràn ọjọ́ Àìkú yẹn ju ọdún Iléyá lọ. Èmi tí ẹnikẹ́ni kì í bi léèrè ọ̀rọ̀ nínú ilé yìí, àwọn tí mi ò mọ̀ rí ní Ìbàdàn, ní Ìlọrin, ń béèrè pé Màmá dà, orí tó kàn dà? Tó bá ti di ọjọ́ Ìṣẹ́gun báyìí, mo ti ń bi ọmọ yìí pé ṣé a ò tíì dé Àìkú ni?

Nǹkan tó bà á jẹ́ rèé. Bùkọ́lá sọ fún mi níbẹ̀rẹ̀ pé tí ìwé yìí bá máa tó ìwé, ẹgbàá ọ̀rọ̀ la gbọ́dọ̀ máa kọ lọ́sẹ̀. Ẹgbàá ọ̀rọ̀ kẹ̀? Mo wò ó, mo ní ṣé orí ọmọ yìí pé? Gbogbo Ìlọ́bù, tí ẹ bá tún kó Ẹ̀rìn mọ́ ọn, ṣé ọ̀rọ̀ tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ kan tó ẹgbàá? Àfi tí gbogbo ilé bá ń jà. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó rò pé mo gọ̀, mi ò bi í. Bí mo ṣe di ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ kiri ìlú nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tèmi ni mo kọ́kọ́ sọ, ti ọkọ mi, ti orogún mi, ti ìgbà tí a wà ní Gánà. Nígbà tí tèmi tán, mo gbé àpótí lọ sí ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ ata, mo jókòó, ata ò sì sí lọ́wọ́ mi. Obìnrin ẹlẹ́rọ ní Màmá, kí la fẹ́ bá yín lọ̀? Mo ní atẹ́gùn ni mò ń gbà. Atẹ́gùn, nídìí ẹ̀rọ ata! Ojú mi ń ṣomi, etí mi là sílẹ̀. Ìyàwó tó ń bu gààrí ilé ọkọ lọ fún ìyá ẹ̀, mo gbé e sínú ìtàn. Bàbá tó sá wọ inú oko ẹ̀gẹ́ nítorí pé ó rí àna ẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, mo gbé òun náà síbẹ̀. Mò ń yí orúkọ wọn padà o. Síbẹ̀ tó bá di Àìkú, Bùkọ́lá á wo fóònù, á ní Màmá, ọ̀rọ̀ ò tíì pé, ó kù díẹ̀. Èmi á tún máa fọwọ́ ra ikùn mi bóyá ọ̀rọ̀ kan ṣì kù níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan sì kù níbẹ̀ lóòótọ́. Kì í ṣe tèmi.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Ìfọ́n, ẹ jẹ́ kí a pè é ní Ìyá Mufú. Lọ́rì kan náà ló gbé wa bọ̀ láti Kùmásí nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wa máa lọ sílé wa. Ìyàwó kékeré ni àwa méjèèjì nígbà náà, láti ìgbà yẹn la ti ń pe ara wa ní Ará-Ọkọ̀. Ìjà ilẹ̀ Ìlọ́bù àti Ìfọ́n kò já okùn yẹn. Nígbà tí ọ̀nà bá dí, Òṣogbo la ti máa ń pàdé, a ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, a ó pín ẹ̀pà jẹ, kálukú á gbọ̀nà ilé ẹ̀ lọ. Ọkọ ẹ̀ ti ṣáájú wa wálé nígbà náà, ó fi oyún sílẹ̀ fún un ní Kùmásí. Ó bí ọmọ náà, ọmọ kú kí a tó gbéra, kò sì rí ẹni rán sílé. Ọjọ́ tí a fẹ́ gbéra, èrò ń ti ara wọn, ẹrù, ẹkún, igbe... obìnrin kan tí a ò mọ̀ rí na ọmọ ọwọ́ sókè sí ọ̀rẹ́ mi pé kó bá òun gbà á kí òun ríbi gun ọkọ̀. Ó gbà á. Lọ́rì bá ṣí. Obìnrin yẹn ń sáré tẹ̀lé wa, ó ń pe orúkọ kan, ó ń pè é, ó ń pè é, títí eruku fi bò ó. A lu pákó ọkọ̀ títí ọwọ́ wa fi bó, dẹ́rẹ́bà ò dúró. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà, èkejì ti bọ́ sáàárín èrò. Nígbà tí a dé Ìfọ́n tí ọ̀rẹ́ mi sọ̀kalẹ̀, àwọn ará ilé ọkọ ẹ̀ já ọmọ gbà, wọ́n ń jó, wọ́n ń kì í, ìyá ọkọ ẹ̀ ti da omi sórí pánù kó lè máa kán sí ọmọ lára. Ó gbójú sókè wò mí nínú ọkọ̀. Mo mi orí fún un pé kó dákẹ́. Ó dákẹ́ títí dòní.

Ọmọ yẹn ni Mufú. Ó ti di Àlàájì, ó kọ́lé, ó ń tọ́jú ìyá ẹ̀ bí ẹyin. Òun ni wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí ẹbí báyìí, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí ní àdúgbò wa... ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ bi èèyàn ni pé ọmọ ta ni ọ́, ta ló bí bàbá rẹ? Kì í sì í ṣe òun nìkan. Ìyá ẹ̀ ńkọ́? Orúkọ ọmọ yẹn ni gbogbo Ìfọ́n fi ń pè é. Tí wọ́n bá gba Mufú lẹ́nu wọn, kí ni wọ́n á máa pè é?

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo sọ. Lọ́jọ́ tí Bùkọ́lá ní ó kù díẹ̀ tí kò sí nǹkan kan nínú mi mọ́, ó bọ́ lẹ́nu mi. Mo sọ Kùmásí di Àbíjàn, mo sọ lọ́rì di ọkọ̀ ojú irin, mo ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n mo fi ẹsẹ̀ kan bàtà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun kékeré bẹ́ẹ̀, ta ló máa wò ó? Nígbà tó jáde ní Jímọ̀, fóònù Bùkọ́lá ń dún bí àgbàdo tó ń ta nínú ìkòkò. Nígbà tí a jókòó ṣìṣirò, ọmọ yìí fò sókè, ó ní a ò tíì rí irú èyí rí. Inú mi dùn! Mo ní kó tún un kà. Ó ń ka ohun tí wọ́n kọ, ó kan ti ọkùnrin kan tó ní Ìfọ́n lòun wà, ọmọ òun ló tan ìtàn náà sílẹ̀ tí òun gbọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ wo ni obìnrin yẹn ń pè bí ọkọ̀ ṣe ń lọ? Ìyá mi máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹsẹ̀ kan bàtà ni mo fi wọ ayé." Bùkọ́lá ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Mo ní kó ka orúkọ ẹni tó kọ ọ́ fún mi. Ó kà á. Orúkọ Mufú ni.

Láti ìgbà yẹn, kò sí Àìkú tí kò béèrè. Èmi náà kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Mo ń ní kí Bùkọ́lá kọ ọ́ pé ó rẹ Màmá díẹ̀ ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Irọ́ ni. Iṣẹ́ kan ò lọ. Obìnrin inú ìtàn mi ṣì ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ níbi tí mo fi í sí. Bùkọ́lá rò pé ibà ni, ó ń ra oògùn fún mi, èmi náà ń lò ó. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ kí n ní ìgboyà, ó ní Màmá, ẹ má jẹ́ kí ẹgbàá bà yín lẹ́rù, kì í ṣe nǹkan ńlá. Ó ní bí mo bá sọ pé mo lọ sí oko, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ti wà nínú ìyẹn. Mo ní báwo? Ó kà á sí mi lọ́wọ́, mo, lọ, sí, oko. Mo ní ṣé ohun tí ò ń kà látọjọ́ yìí nìyẹn? Ó ní kí lẹ rò pé mò ń kà? Ẹ̀yin èèyàn mi... ká ní mo mọ̀ ni, òjò ni ǹ bá sọ. Ǹ bá jẹ́ kí òjò máa rọ̀ nínú ìtàn yẹn láti orí òrùlé dé ẹnu àgbàrá, ẹgbàá á pé, àṣírí ọ̀rẹ́ mi á sì wà níkùn mi.

Mo lọ kí i ní Ìfọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ mi ló dì mú. Ó ní Mufú ń ṣe nǹkan kan tí kò yé òun. Ó ní tó bá ti dé, kì í tètè sọ̀kalẹ̀, á jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé, á máa gbọ́ ìtàn kan lórí fóònù, tó bá wá wọlé ohùn ẹ̀ á ti wúwo bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Ó ní, "Ará-Ọkọ̀, ìwọ tí o máa ń gbọ́ nǹkan, ìtàn wo ló ń pa àgbàlagbà lẹ́kún báyìí?" Mo ní mi ò mọ̀. Ọwọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo ní mi ò mọ̀. Mufú wọlé bá wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bó ṣe máa ń ṣe, ó ní ẹ̀yin ará ọkọ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Òun ló sìn mí dé títì. Ó ní kí n máa rọra, Màmá.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan Ará-Ọkọ̀ fúnra ẹ̀, nìyí. Àárín ọkọ̀ ló jókòó sí lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ń ké létí ẹ̀, kò gbọ́ orúkọ tí obìnrin yẹn ń pè. Ìdí ọkọ̀ pátápátá ni èmi wà. Mo gbọ́ ọ. Mo mọ̀ ọ́n títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Bùkọ́lá ti dáwọ́ dúró o, ó ń wo ojú mi... tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi, tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ará Ìfọ́n tí ẹ bá rí èyí, ẹ má wulẹ̀ wá ẹnikẹ́ni. Mo ti kọ́gbọ́n, mo ti yí i padà níbí, kì í ṣe bàtà ló wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà, kì í sì í ṣe ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ orúkọ yẹn nínú ìtàn ní Jímọ̀, ọmọ yẹn á rí ohun tó ń wá, ṣé ìyá tó tọ́ ọ á wá di ta ni? Tí mo bá parọ́ orúkọ míì, ṣé kí ọkùnrin yẹn máa fi orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò fi ẹkún pè é rí sun lálaalẹ́ ni? Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún Ará-Ọkọ̀, ní ọjọ́ orí ẹ̀ yìí? Bùkọ́lá ní òun lè pa orí yẹn rẹ́ lórí fóònù. Ta ló máa pa á rẹ́ létí Mufú? Ẹni tó sáré lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn ńkọ́, ta ló ń bá a ṣe ìṣirò tiẹ̀?

Bùkọ́lá ní èyí tí mo sọ yìí ti fẹ́ẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní kó má kà á fún mi mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù, orúkọ èèyàn ni, kò tilẹ̀ gùn. Ṣé kí n sọ ọ́ ni, àbí kí n gbé e lọ sí sàréè?