Ìjókòó Ẹ̀yìn Kò Ní Kúrò

                                        Yàrá Ìránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Pápá Bàálù.
                                        Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn òjò.

Ìbàdí Àrán, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ẹsẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń hanrun bí ẹ́ńjìnnì? Ara tèmi le, a dúpẹ́.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ó sì bí mi nínú gidi. O ní nítorí ẹsẹ̀ rẹ àti ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ, kí n yọ ìjókòó rẹ kúrò nínú bàálù wa, kí n máa fò lọ ní tèmi. Ta ló bi ọ́?

Jẹ́ kí n ro ọ̀rọ̀ náà fún ọ dáadáa, torí ẹni tó sọ ọ́ fún ọ gé e kù. Aṣàyẹ̀wò tí ìjọba rán wá ní ẹni tó bá ń wa bàálù fẹ́ẹ́rẹ́ oníjókòó kan kò nílò ìwé àṣẹ, bó bá ṣáà ti ń fò lọ́sàn-án, tí kò gba orí ilé onílé. Bó bá ti di ìjókòó méjì, ìwé àṣẹ di dandan: ẹ̀kọ́, ìdánwò, àyẹ̀wò dókítà. Ló bá wo irun funfun mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ yọ ti ẹ̀yìn yìí, wàhálà tán." Mẹkáníìkì wa ti gbé sípánà. Mo ní kó fọwọ́ kàn án kó wò ó!

Àbí o ti gbàgbé? Yàrá yìí la ti jọ rán aṣọ tí a fi bo apá bàálù náà, ìwọ lò ń fa aṣọ, èmi ni mò ń tẹ máṣíìnì. Ọjọ́ tí mo gé fóòmù ìjókòó, mo wọn ìdí rẹ bí ẹni fẹ́ rán síkẹ́ẹ̀tì, mo tún fi àyè ìránpọ̀ sílẹ̀. Ìjókòó fẹ̀ ju bàálù lọ, a sì ní láti tẹ irin síta kó tó wọlé. Mi ò gbé aṣọ oníbàárà fún ẹlòmíì rí, ṣé tìrẹ ni màá wá jù sẹ́yìn ilé?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bi mí pé kí ni mò ń wá lókè lọ́jọ́ ogbó. Mo ní ohun tí mò ń wá kò sí nílẹ̀.

Mo ti yege ìdánwò ìwé. Dókítà ní ọkàn mi ń lù dáadáa, kí n má ṣáà bọ́ gíláàsì ojú. Olùkọ́ mi, ọmọ tí mo lè bí, kì í pariwo mọ́ bí mo bá ń balẹ̀. Ó ku ìdánwò òkè, inú bàálù wa sì ni. Ààyè rẹ ni olùdánwò máa jókòó sí, má jowú. Mo ti rí i, ó tín-ín-rín, tìmùtìmù ni màá fi há a mọ́bẹ̀. Bó bá ní mi ò yege, màá tún un ṣe. Bó bá tún ní mi ò yege, màá tún un ṣe. Á sú wọn kó tó sú mi.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí àwọn ọmọ náà. Sọ fún wọn pé kí wọ́n wá ṣòkòtò fún ọ, torí atẹ́gùn òkè kò mọ àgbà.

Má sì kọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ sí mi mọ́. Ẹsẹ̀ kọ́ lèèyàn fi ń jókòó.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ olórí kunkun,
                                        Abẹ́rẹ́.