Ìwé Ipò Méjì Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jígí Mi

Ìyá mi, ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá, mo kí ọ kú ìnáwó ìlú ńlá. Ọlọ́run tó jí ọ lónìí yóò jí ọ lọ́la, àga tí o fi ń jókòó ṣiṣẹ́ kò ní yẹ̀ nídìí rẹ, ojú tí o fi ń wo kọ̀ǹpútà láti òwúrọ̀ kò ní ṣú, ọ̀gá rẹ kò ní rí ọ kó fajú ro. Àmín. Ara èmi le. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ sọ ti orúnkún òun kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, nítorí ó mọ̀ pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní rántí mọ́. Orúnkún ti sàn. Lọ́jọ́ Ajé ni ó gun àpótí bá mi kan ìṣó mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo di àpótí mú, òun ló ń kan ìṣó, òun náà ló sì ń sọ fún mi pé mi ò di àpótí mú dáadáa.

Ìṣó yẹn, tìtorí ìwé rẹ ni. Àpò ìwé tí o fi rán awakọ̀ dé ọwọ́ mi, kò ya, kò rin. Nígbà tí mo rí ìkọ̀wé rẹ lórí rẹ̀, mo pa kílípà, mo sì fi oníbàárà tí mo ti gẹ apá kan orí rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga, nítorí ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo rí ìkọ̀wé rẹ gbẹ̀yìn. Lóṣooṣù ni fóònù mi máa ń dún pé owó tí o fi ránṣẹ́ wọlé, mi ò ní purọ́ mọ́ ọ. Gbogbo ìgbà tó bá dún ni mo máa ń fèsì, mo máa ń kọ ọ́ sí ọ̀gá báńkì pé ẹ ṣeun, ẹ bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Kò dá mi lóhùn rí. Mi ò bínú sí i, ẹni tó ń bá gbogbo ayé ṣọ́ owó, níbo ló ti fẹ́ ráyè kọ lẹ́tà, olóòótọ́ ènìyàn sì ni, kò pẹ́ rí. Àmọ́ ṣá, báńkì kò lè kọ̀wé bí ọmọ ẹni.

Ìwé méjì ni mo bá nínú àpò náà. O ní ọ̀kan ni èyí tí àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù lágbàáyé fi ń to ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sí ipò. O ní ìkejì ni èyí tí àwọn kan ń ṣe lọ́tọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n mú ìṣirò rẹ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó kọ́kọ́ ṣe é fún àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ayò òyìnbó tí wọ́n ń ta lórí pátákó, àti pé àjọ náà fúnra rẹ̀ ti wá yá nínú ọgbọ́n ọkùnrin yìí lẹ́nu ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ gbé fún ọ ni pé kí o wò ó, èwo nínú méjèèjì ló máa ń sún mọ́ òtítọ́ jù nígbà tí bọ́ọ̀lù bá dé orí pápá. O ní kí n fi han àwọn tó ń wá gẹrun. Mo kan ti àjọ mọ́ ọwọ́ ọ̀tún jígí, mo kan ìkejì mọ́ ọwọ́ òsì. Ẹni tó bá jókòó sórí àga mi báyìí, orí rẹ̀ ló wà láàárín, gbogbo ayé ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ọmọ mi, o ṣiṣẹ́. Orílẹ̀-èdè tó lé ní igba, o tò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí èyí tó fo ìlà, kò sí èyí tó ń ti ẹnìkejì rẹ̀. Èmi tí mo bí ọ, oníbàárà mẹ́ta péré ló ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi láàárọ̀ Sátidé, síbẹ̀ kì í tán láìjẹ́ pé wọ́n jà lórí ta ló kọ́kọ́ dé. Ohun kan ni mo fẹ́ kìlọ̀ fún ọ. Bí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá bá gbé nǹkan wá sí ọ́fíìsì yín pé kí o gbé àwọn sókè, má gbà á, bó tiẹ̀ jẹ́ ìgò omi kan. Bó bá sì jẹ́ tiwa ni wọ́n rán ẹnìkan wá, fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn, kí o ní kí wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tí kò wá yé mi ni pé lórí ìwé ọ̀tún, lẹ́yìn máàkì orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, àmì tóótóó kan wà, nọ́ńbà mìíràn tún tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ìyẹn ni pé ìdajì máàkì wà níbẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń wo bọ́ọ̀lù, mi ò rí góòlù tó wọlé ní ìdajì rí. Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín, jọ̀ọ́ kọ ọ́ sí mi.

O mọ Télọ̀, ọ̀rẹ́ mi tó ń ránṣọ ní ojúlé kejì sí tiwa, tó máa ń fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu sọ̀rọ̀. O mọ Tíṣà, tó kọ́ ọ ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn méjèèjì ló ń jókòó tì mí láti àárọ̀. Ìjà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Télọ̀ rí i pé ipò tí ẹgbẹ́ tiwa wà lọ́wọ́ ọ̀tún kọ́ ló wà lọ́wọ́ òsì. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn ìwé yìí ń purọ́. Mo ní ọmọ mi kì í fi irọ́ ránṣẹ́. Tíṣà ní kò sẹ́ni tó purọ́, pé bí tíṣà méjì bá máàkì ìwé ọmọ kan, ọ̀kan lè wo ìdáhùn nìkan, kí èkejì wo bó ṣe rìn dé ibẹ̀. Ó wá fi awò sójú, ó ka àlàyé tí o kọ sẹ́yìn ìwé fún wa. Ìwé méjèèjì ló ń béèrè agbára ẹni tí ẹgbẹ́ kan bá pàdé: bó bá na ẹni tí kò lágbára, máàkì díẹ̀ ni, bí kékeré bá sì ta ọ̀mì pẹ̀lú òmìrán, ó ti jèrè. Méjèèjì ló gbà pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ kò tó ti Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àjọ, góòlù kan àti góòlù méje, ọ̀kan náà ni, ilé àti àjò, ọ̀kan náà ni. Lọ́wọ́ òsì, wọ́n ń ka góòlù, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tó lọ borí nílé onílé ṣe ju ẹni tó borí nílé ara rẹ̀ lọ. Mo gbádùn rẹ̀ débi pé mo fá irùngbọ̀n oníbàárà kan mọ́ tónítóní kí n tó rántí pé orí ló ní kí n gẹ.

Tíṣà ní ká dán ìṣirò náà wò lórí ohun tí àwa náà mọ̀, pé ká fi to àwọn ọmọ wa. A mú ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan. A ní ẹni tó bá pè lórí fóònù tàbí tó fi owó ránṣẹ́, ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ni. Ẹni tó bá wá kí wa tó sì padà lọ́jọ́ náà, ìyẹn wúwo díẹ̀. Ẹni tó bá wá sun ilé, Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé nìyẹn. Nígbà tí a fi ìṣirò ọ̀tún ṣe é, ọmọ Télọ̀ ló mú ipò kìíní. Òpópónà kejì ni ọmọ yẹn ń gbé. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń wá jẹun, bó bá jẹun tán a nu ẹnu, ó di ọ̀la. Ọmọ Tíṣà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ṣe ìkejì. Ìwọ ló kẹ́yìn. Télọ̀ kọ ọ́ gàdàgbà, ó tún fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Inú bí mi. Mo ní ká gbé e lọ sọ́wọ́ òsì, níbi tí wọ́n ti mọ̀ pé ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé lójoojúmọ́ kò ṣe bàbàrà, àti pé ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni ìwọ fi jìnnà sí wa. Tíṣà ní mo jàre, ṣùgbọ́n pé ohun kan ṣì kù tí ìwé méjèèjì ń béèrè, agbára ẹni tí ọmọ ń bá gbá a. Ó ní nínú àwa bàbá mẹ́ta, ta ló le jù láti bá gbá bọ́ọ̀lù. Télọ̀ nawọ́ sí mi. Tíṣà nawọ́ sí mi. Oníbàárà tó wà lórí àga yọ ọwọ́ lábẹ́ aṣọ tí mo fi bò ó, òun náà nawọ́ sí mi. Ìyá rẹ gbé omi gbígbóná wọlé lásìkò yẹn, ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan, ó gbé omi kalẹ̀, ó nawọ́ sí mi.

Mi ò ní purọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo na àyà, mo ní ṣé ẹ rí i báyìí, ọmọ tó bá ní irú bàbá yìí, máàkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀. Ìyá rẹ ló wá ní òun kò mọ bọ́ọ̀lù o, ṣùgbọ́n a kì í fún ènìyàn ní káàdì pupa tán, ká tún máa bínú pé kò sí lórí pápá. Ó gbé korobá, ó jáde. Èmi gbé kílípà, mo gẹ orí yẹn tán.

Mo gbá irun ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo gbá ibì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Onígbàjámọ̀ kì í rí ẹ̀yìn orí ara rẹ̀ àfi bí ẹlòmíràn bá bá a gbé jígí sẹ́yìn. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yìí lo dúró sí lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, tí inú rẹ ń dùn, tí o ní wọ́n ti gbà ọ́ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ìṣirò bọ́ọ̀lù. Níwájú oníbàárà mẹ́rin ni mo ti ní mi ò rán ọmọ lọ sí yunifásítì kó lọ máa ka góòlù àwọn ọkùnrin, pé bó bá jẹ́ ohun tí o fẹ́ fi ayé rẹ ṣe nìyẹn, kí o má gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà mi mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. O ní ẹ ṣé, Bàbá, o gbé báàgì rẹ lórí bẹ́ǹṣì, o lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ti mọ òwe yẹn kí n tó bí ọ, mo sì jù ú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú èyí fún ọmọ, nítorí bàbá tèmi kò sọ ọ́ fún mi rí, ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ ọ́, jọ̀ọ́ dárí jì mí. Iṣẹ́ tí mo torí rẹ̀ fi ọ́ ṣẹ̀sín ni mo fi ń yangàn báyìí. Ọkùnrin kan ti òdìkejì ìlú rìn wá wò ó láàárọ̀ àná, kò tiẹ̀ gẹrun, irun kankan kò sì sí lórí rẹ̀.

Mo ti yọ orúkọ ẹ̀yin ọmọ kúrò lẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Mo ní orúkọ àwọn bàbá ló yẹ ká kọ. Télọ̀ sáré kọ ara rẹ̀ sí ipò kìíní, ó kọ Tíṣà sí ìkejì. Nígbà tó fẹ́ kọ mí sí ìkẹta, mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ẹnìkan ṣoṣo ló lè kọ ọ́. Tíṣà wá tún rí ibì kan nínú àlàyé rẹ. O ní lọ́dọ̀ àjọ, nínú ìdíje ńlá, bó bá ti dé ìpele tí ẹni tó bá fìdí rẹmi yóò gba ilé lọ, ẹni náà a lọ sílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í yọ nínú máàkì rẹ̀. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Ọmọ mi, lọ́jọ́ tí o gbé báàgì rẹ yẹn, kò sí ohun tó kúrò nínú máàkì rẹ lọ́dọ̀ mi, kò dín ní ẹyọ kan, kò dín ní ìdajì tó wà lẹ́yìn àmì tóótóó pàápàá.

Ó wá ku ẹ̀bẹ̀, nítorí lẹ́tà bàbá kì í parí láìtọrọ nǹkan. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Lóṣù tó kọjá mo gé Tíṣà létí díẹ̀, ó ní kò dun òun, ṣùgbọ́n mo rí omi lójú rẹ̀. Ní Sátidé tó máa parí oṣù tó ń bọ̀, mo fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pátápátá. Owó tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ lóṣù náà, jọ̀ọ́ má fi ránṣẹ́, fi wọkọ̀ wá sílé. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá báńkì pé kó má retí rẹ, kó má bàa ṣàníyàn. Èmi àti Télọ̀ máa gbé jígí sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, oòrùn kò kàn án láti ọjọ́ tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, àárín ìwé rẹ méjèèjì gan-an ni. Mo fẹ́ kí o mú bírò, kí o kọ ipò mi síbẹ̀ fúnra rẹ. Bí o bá fẹ́ lo ìṣirò ọ̀tún, lò ó, bó bá sì jẹ́ tòsì ni, mi ò ní jiyàn. Ìyá rẹ ti sá ìbùsùn rẹ sóòrùn.

Ọ̀nà tí o bá gbà wá kò ní hu ẹ̀gún, taya ọkọ̀ kò ní jò, awakọ̀ kò ní sùn. Orí tí mo kọ́kọ́ gẹ láyé rẹ, nígbà tó ṣì rọ̀ lọ́wọ́ mi, kò ní gbé ẹrù tó jù ú lọ. Tíṣà ní orílẹ̀-èdè tí kò bá tíì gbá bọ́ọ̀lù, wọn kì í kọ ọ́ sórí ìwé kankan, ńṣe ló máa ń dúró.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò tíì ní ipò.