Ìjókòó Òkè nínú Sáúnà

Ẹ̀gbọ́n mi Sirkka,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Ọsirélíà lọ́hùn-ún? Ọkọ yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo ilé ń kí yín. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀, àmọ́ ọ̀dùnkún ọdún yìí ò ṣe dáadáa.

Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n. Ewé ti já tán, la bá lọ ti ahéré etí adágún pa ní òpin ọ̀sẹ̀, kí yìnyín tó dé. Èmi àti Unto, ọ̀rẹ́ Bàbá, la fa ọkọ̀ jáde nínú omi. Ẹ̀yìn ṣì ń ro mí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Nígbà tí àwa ọkùnrin wọ inú ooru sáúnà, Bàbá ò gun ìjókòó òkè tó máa ń gùn, níbi tí ooru ti mú jù. Ìsàlẹ̀ ló jókòó sí, níbi táwọn ọmọdé ń jókòó.

Unto pariwo látòkè pé, "Arúgbó, ṣé o ti ń sá fún ooru ni?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre," ni Bàbá wí. Ló bá na ìgbákọ sí mi: "Ìwọ bu omi sórí òkúta gbígbóná yẹn." Ẹ sì mọ̀ pé kì í fún ẹnikẹ́ni ní ìgbákọ yẹn.

Unto sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó ti Bàbá. Èmi náà sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tá a jáde, Màmá bi wá bóyá ó gbóná. "Ó gbóná gan-an," làwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wí, bẹ́ẹ̀ òtútù ń mú wa.

Ẹ má bi Bàbá nípa rẹ̀ lórí fóònù o, inú á bí i. Ẹ ṣáà wálé tí yìnyín bá ti yọ́. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ̀nà yín. Tí gbogbo wa bá sì jọ wọ sáúnà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gun òkè.

Àbúrò yín,
Ilkka