Ọjọ́ Tí Mo Pe Bàbá Adnan Lórúkọ Létí Omi

Apartment 214,
Cook Road, Alief,
Houston, Texas.
22 Oṣù Kẹwàá, 1996.

Ọmọ́yẹni, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ kò tíì gba ohùn lẹ́nu rẹ tán? Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. Ọmọ rẹ obìnrin ti ga jù ọ́ lọ, o ò sì sọ fún mi nínú lẹ́tà, àfi ìgbà tí mo fojú ara mi rí i. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Hamid ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, èmi náà ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi, àwọn ọmọ sì ń jẹun bí ẹni pé wọ́n ń bá oúnjẹ jà. Ara le. Ọkàn ni kò balẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n máa sáré kọ ìwé yìí ni pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mo sì mọ̀ pé ìròyìn rẹ̀ lè dé Ẹ̀pẹ́ nígbàkúùgbà. Bí ó bá dé etí ìyá ọkọ mi, wọ́n á ní Misturah ti gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé láti ìgbà tó ti dé Amẹ́ríkà. Ìwọ nìkan ni mo ní nítòsí wọn tó lè jókòó tì wọ́n, kó sì sọ bó ṣe jẹ́ gan-an. Nítorí náà, fara balẹ̀ kà á.

O rántí Bàbá Adnan, àbí? Moshood, ẹ̀gbọ́n Hamid, ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ ní Clear Lake. Òun ló mú Hamid wá sí Houston. N kò ní máa pè é ní “wọ́n” nínú lẹ́tà yìí, nítorí inú ṣì ń bí mi. Èèyàn dáadáa ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè mú kó sọ pé òun kò mọ nǹkan kan. Ìyàwó rẹ̀, Àǹtí Làdíátù, ti mọ ìwà yìí tipẹ́. Bí ọkọ wọn bá ṣi ọ̀nà lórí freeway, inú ọkọ̀ á kàn dákẹ́ ni, Àǹtí Làdí á máa wo ìta lójú fèrèsé, títí ọkùnrin náà á fi rí ọ̀nà fúnra rẹ̀. Àwa tó wà lẹ́yìn náà á ṣe bí ẹni pé a fẹ́ràn láti rí àdúgbò tuntun.

Lóṣù tó kọjá, Bàbá Adnan ní kí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sinmi ní Mẹ́síkò, ní ìlú etíkun kan tí bàálù kì í pẹ́ dé láti ọ̀dọ̀ wa. A fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ aládùúgbò wa kan. Lọ́jọ́ kejì tí a débẹ̀, a wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àwọn àlejò mìíràn, òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn, amọ̀nà kan sì mú wa lọ wo ahoro ìlú àwọn Máyà, àwọn tó ni ilẹ̀ yẹn kí òyìnbó tó dé. Ọmọ ilẹ̀ náà ni amọ̀nà yìí fúnra rẹ̀, ó kúrú, ó taagun, kì í sì í rẹ́rìn-ín lásán.

Ká ní o rí ibẹ̀! Wọ́n fi òkúta kọ́ ilé ńlá kan tó ga ju mọ́ṣáláṣí èyíkéyìí tí èmi àti ìwọ mọ̀, àtẹ̀gùn wà lára rẹ̀ níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tóóró, tó dúró ṣánṣán. Àǹtí Làdí ní àwọn kò gun nǹkan kan. Èmi gùn ún dé ìdajì, mo bojú wẹ̀yìn, mo sì rọra padà. Bàbá Adnan gùn ún dé òkè téńté, ó juwọ́ sí wa. Ìgbà tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ni wàhálà dé. Ó wo ìsàlẹ̀, ó dúró, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí wọ́ bọ̀ láti orí àtẹ̀gùn kan sí èkejì, ó di ṣéènì tí wọ́n ta síbẹ̀ mú gírígírí. Àwọn òyìnbó kan rẹ́rìn-ín, ọ̀kan tilẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀. Hamid náà rẹ́rìn-ín, òmùgọ̀ ọkọ mi. Bàbá Adnan gbọn ṣòkòtò rẹ̀ nù, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi jẹun ọ̀sán.

Ká tó kúrò níbẹ̀, amọ̀nà mú wa dé etí ihò ńlá kan tó kún fún omi aláwọ̀ ewé. Ó ní láyé àtijọ́, wọ́n máa ń ju èèyàn sínú rẹ̀ nígbà tí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀. Ara mi bù máṣọ. Mo ń sọ ọ́ fún ọ kí o lè mọ irú ọkàn tí mo fi dé ibi kejì.

Ibi kejì yìí ni wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ihò omi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ wọn, senóte ni wọ́n ń pè é. Nínú bọ́ọ̀sì, bí a ṣe ń lọ, Àǹtí Làdí fà mí mọ́ra, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ pé Bàbá Adnan kò mọ odò wẹ̀ o. Ẹnu yà mí, nítorí gbogbo Houston ló mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ omi, Bàbá Adnan á ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni òun, etí ọ̀sà ni wọ́n bí òun sí. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Kaduna ló dàgbà sí lọ́dọ̀ àbúrò bàbá wọn. Hamid tó dàgbà sí Ẹ̀pẹ́ ló mọ odò wẹ̀, ó sì rò pé ẹ̀gbọ́n òun mọ̀ ọ́n ju òun lọ. Mo bi Àǹtí Làdí pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún ọkọ wọn pé kó má wọ omi. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń ṣàìsàn. “Níṣojú àbúrò wọn? Lẹ́yìn bí àwọn èèyàn ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín láàárọ̀? Misturah, má kó mi sí trouble.”

A sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta. Ìsàlẹ̀ tutù, gbòǹgbò igi ń rọ̀ láti òkè kan omi, omi náà sì dúdú láàárín. Amọ̀nà ní ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò lè kan ilẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí ẹni tí kò mọ odò wẹ̀ nawọ́ sókè kí òun fún un ní jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Àwọn kan nawọ́, wọ́n gba tiwọn. Èmi àti Àǹtí Làdí jókòó ti báàgì, a kò ní kó sínú omi. Bàbá Adnan ti wọ ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́, ó ká apá mọ́ra. Amọ̀nà na jákẹ́ẹ̀tì kan sí i, bóyá ó ti rí nǹkan lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Hamid ti kígbe láti inú omi: “No, no, not my brother! We are from Epe, they born us inside water!” Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́. Bàbá Adnan fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti jákẹ́ẹ̀tì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì bọ́ sórí àtẹ̀gùn tí omi ń kàn.

Mo wo Àǹtí Làdí. Wọ́n ń wo báàgì tó wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Mo wo Hamid, ó ń ju ọwọ́, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀!” Omi ti dé orúnkún ọkùnrin náà. Mo pariwo, “Bàbá Adnan! Ẹ dákun, Bàbá Adnan!” Ó gbọ́ mi. Mo mọ̀ pé ó gbọ́, nítorí èjìká rẹ̀ gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò bojú wẹ̀yìn, ó tún sọ̀kalẹ̀ sí i. Ọmọ́yẹni, láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, n kò pe ọkùnrin yìí lórúkọ rí, n kò sì bá a sọ̀rọ̀ láìtẹ orúnkún. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. “Moshood! Moshood, o ò mọ odò wẹ̀! Má wọ̀ ọ́! He can't swim! Please, he can't swim!”

Ihò náà gba ohùn mi, ó ń pè é lọ, ó ń pè é bọ̀. Gbogbo èèyàn yíjú. Bàbá Adnan náà yíjú padà pẹ̀lú ìbínú láti wo ẹni tó pe òun bẹ́ẹ̀, ibi tó ti ń yí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀. Ó ṣubú sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Hamid rẹ́rìn-ín, ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun fò sínú omi ni. Ọwọ́ Bàbá Adnan kan yọ, ó wọlé padà, omi sì pa dé. Ṣùgbọ́n amọ̀nà ti gbọ́ òyìnbó tí mo sọ, ó ti fò lé e lórí kí ẹlòmíràn tó mọ ohun tó ń lọ. Ó pẹ́ lójú mi kí àwọn méjèèjì tó jáde. Wọ́n gbé e sórí òkúta, ó ń wúkọ́, omi ń jáde nímú rẹ̀. Nígbà tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ta ló pe orúkọ mi?”

Ní òtẹ́ẹ̀lì, Hamid ní mo ti dójú ti ẹ̀gbọ́n òun níwájú òyìnbó. Mo ní ṣé òkú rẹ̀ ni ì bá wù ú kó gbé lọ sílé. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ṣé n kò lè pè é ní nǹkan mìíràn ni? Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ kírun.

Láti ìgbà tí a ti dé Houston, Bàbá Adnan kò gbé fóònù wa mọ́. Lẹ́yìn náà, ó ránṣẹ́ sí Hamid pé mo gbọ́dọ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú Alhaji, bàbá àgbàlagbà tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ẹ̀pẹ́ níbí, kí n sì sọ pé òun mọ odò wẹ̀ dáadáa, ariwo tí mo pa ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun yọ̀. Bí n kò bá sọ ọ́, òun á kọ̀wé sí màmá pé aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni Hamid fẹ́, Hamid kò sì gbọ́dọ̀ tẹ ilé òun mọ́. Hamid bẹ̀ mí kí n sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ tán. Mo ní irọ́ ni. Ó ní òun mọ̀ pé irọ́ ni. Ó dùn mí gan-an.

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, a wa ọkọ̀ lọ sí ilé Bàbá Adnan ní Clear Lake, Alhaji ti wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo ní, “Alhaji, mo bẹ Bàbá Adnan nítorí orúkọ tí mo pè. Kò yẹ lẹ́nu ìyàwó, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé wọ́n mọ odò wẹ̀. Wọn ò mọ̀ ọ́n.” Bàbá Adnan na ìka sí mi. “Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀! Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò mọ̀ ọ́n?”

Kí ni kí n sọ? Bí mo bá dárúkọ Àǹtí Làdí, mo tú ilé wọn ká nìyẹn. Alhaji náà bi mí. Mo wolẹ̀. Hamid ń wò mí, mo sì rí i pé òun náà ti ń rò pé bóyá mo kàn sọ ọ́ lásán ni. Ìgbà yẹn ni Àǹtí Làdí jáde láti kíṣìnnì pẹ̀lú tíì Alhaji. Wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi. “Èmi ni mo sọ fún un.”

“Ìwọ?” Bàbá Adnan gbàgbé pé àlejò wà níbẹ̀. “O mọ̀ pé mi ò ní lè jáde nínú omi yẹn, o wá jókòó, ò ń wo báàgì?”

“Ọ̀wọ̀ ni mo bù fún yín, Bàbá Adnan. Ẹ ò gbà kí n já yín nírọ́ lójú èèyàn rí. Ọ̀wọ̀ yẹn náà ni mo ń bù fún yín tí ẹ fi wọ omi.”

Alhaji ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Ó ní kí n dìde, kò sì sẹ́ni tó tún ní kí n bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí a ń jáde, Àǹtí Làdí ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ọkọ wọn sì ń wò wọ́n bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé wọn.

Bó ṣe jẹ́ nìyẹn. Jọ̀wọ́, lọ rí màmá kí ẹlòmíràn tó débẹ̀. Má fi nǹkan kan pamọ́, orúkọ tí mo pè pàápàá, sọ ọ́. Bá mi kí ìyá rẹ, kí o fún ọmọ rẹ gíga yẹn ní ìfẹnukonu kan, bí orí rẹ̀ kò bá ti ga jù fún ọ.

Mo ti ń wá àpò ìwé tí màá fi èyí sí nígbà tí fóònù dún. Àǹtí Làdí ni. Wọ́n ní láti ọjọ́ Sunday, Bàbá Adnan kò bá àwọn sọ̀rọ̀, àfi láàárọ̀ yìí. Ó jẹun tán, ó ti àwo síwájú, ó ní, “Làdí, kí ló tún kù tí o mọ̀ tí o ò sọ fún mi?” Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá sọ. Wọ́n ní àwọn fa àga, àwọn jókòó, àwọn sì ní kó kọ́kọ́ pe ibi iṣẹ́ rẹ̀, kó sọ fún wọn pé òun kò ní lè wá lónìí.

Èmi náà ni, bí o ṣe mọ̀ mí,
Misturah.