Ta Ló Yẹ Kó Kúnlẹ̀ Nínú Wa?

Ẹ̀gbọ́n mi Ajíbádé,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ní Jọ́ọ̀sì. Ṣé òtútù ibẹ̀ ti rọlẹ̀? Gbogbo ulé kí yín. Olúrántí ọmọ mi ti tún òrùlé tó ń jò ṣe. Ara mi le.

Àwọn olùwádìí yunifásítì wá wo bí àwa àgbà ṣe ń dàgbà. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò, ọmọbìnrin kan tó kọ́ ìtàn sì ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ àtijọ́ wá ọjọ́ orí wa. Mo ní oyún mi ló wà nínú ìyá wa nígbà tí wọ́n sin ìyá bàbá wa. Ni Ayọ̀níkẹ́, ọmọ àbúrò bàbá wa, bá ní ẹ̀yìn ìyá òun lòun wà níbi ìsìnkú náà.

Ọmọbìnrin yẹn wò mí. "Màmá, àwọn màmá yìí ni ẹ̀gbọ́n yín o!"

Ayọ̀níkẹ́ tó ń kúnlẹ̀ kí mi láti kékeré, torí pé mo ga jù ú lọ! Ó jókòó gẹlẹtẹ, ó ní, "Àbúrò, ó yá, kúnlẹ̀ kí o kí mi."

N kò kúnlẹ̀. Mo gbé báàgì mi, mo bọ́ síta. Máàsì ìdájí ni mò ń lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, kí n má bàa pàdé rẹ̀.

Ẹ̀yin nìkan lẹ kù tó mọ ẹni tó dàgbà jù nínú àwa méjèèjì. Ẹ má gbè sẹ́yìn mi o. Èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún.

Olúwa yóò dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi fi òògùn ìpara orúnkún ránṣẹ́. Orúnkún àwa méjèèjì ló ń ro wá, ẹni tó bá máa kúnlẹ̀ ni yóò lò ó.

Èmi ni,
Fọláyẹmí yín.