Ọrọ́ Tí O Kí Láàárọ̀

Bàbá Marlena,

Má wulẹ̀ wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kiri, ó wà nínú báàgì mi. Lorenzo àbúrò rẹ ló máa gbé ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Oògùn tí wọ́n máa kán sí ọ lójú kò ní jẹ́ kó o lè wakọ̀ bọ̀.

Ẹ̀wà wà nínú ìkòkò. Má fi búrẹ́dì díndín tì í.

O ní ojú ò dùn ọ́. Àtọ̀gbẹ kì í dun èèyàn lójú kó tó ba ojú jẹ́. Láàárọ̀ yìí lo kí igi ọrọ́ ẹ̀gbẹ́ ọgbà, o pè é ní Ambrose aládùúgbò wa, o ní ìyàwó ẹ̀ ńkọ́. Nígbà tí mo rẹ́rìn-ín, o ní àwọn àgbà wa ló sọ pé èèyàn ni ọrọ́.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ambrose.

Verna